Olè Tó Fọ Ìgò

Ẹnu Àǹtí Adùnọlá, tó ń ta aṣọ ọmọdé ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù Ọmọ́ṣaléwá ní Tẹ́júoṣó, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń tú ẹrù ẹlẹ́rù, ó ń rọra, ó ń wojú mi bóyá ọwọ́ mi mọ́ tó láti gbà á. Èmi náà yóò rọra.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Nọ́ọ̀sì Azeezah ṣí ilẹ̀kùn sítọ̀ọ̀ ilé ìwòsàn ọmọdé kan tó wà lẹ́yìn Ìdí-Òrò ní Mùṣín, ó sì figbe ta. Kò sí òkú nílẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀. Fèrèsé kò fọ́, àgádágodo kò já. Ìgò ló kún orí pákó láti ìsàlẹ̀ dé òkè bó ṣe máa ń wà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń dán bí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ẹnì kan ti wọlé, ó ti da ohun tó ṣẹ́kù nínú wọn nù, ó fọ gbogbo wọn, ó dojú wọn bolẹ̀ sórí aṣọ kí wọ́n lè gbẹ, ó sì ti ilẹ̀kùn padà kó tó máa lọ.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Múrítàlá ti rí olè lóríṣiríṣi. Ó ti mú èyí tó jí ẹja gbígbẹ ní Mákòókò tí òórùn ẹja sì tú u fó. Ó ti mú ọdẹ tó jí géètì tí wọ́n ní kó máa ṣọ́. Ṣùgbọ́n olè tó wọlé wá bá onílé ṣiṣẹ́, kò tíì rí irú rẹ̀ rí.

"Ṣé kò wá gbálẹ̀ fún yín ni?" ó bi Azeezah.

"Ó gbá a, sà," ni Azeezah dáhùn, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí obìnrin kejì tó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Dókítà Kòfowórọlá ni. Láti Yábàá ló ti wá, obìnrin tó ga, tí kì í tètè sọ̀rọ̀. Òun ló fẹ́ wá kó àwọn ìgò náà lọ sí láàbù ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

"Dókítà, ìgò òfìfo ni mo rí," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Kí ló sọnù?"

"Ìdáhùn ló sọnù, ọ̀gá." Ó jókòó sórí àpótí kan. "Ṣé ẹ mọ oògùn tí wọ́n ń pè ní Ìtura? Ewé ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dúndé tó wà ní Sùúrùlérè ló ń ṣe é. Ó ní ó ń dín ìrora àwọn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde kù. Iṣẹ́ èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ni pé ká kó gbogbo ìdánwò tí wọ́n ti ṣe lórí oògùn kan jọ láti ibikíbi, ká yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò tinú tẹ̀yìn, ká tó wá sọ fáyé bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ìdánwò mẹ́ta ló ti wà tẹ́lẹ̀ lórí Ìtura. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n Abọ́dúndé ló sanwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ọmọ tó wà nínú wọn ò sì pọ̀. Ti ibí yìí ló tóbi jù, òun ló sì yẹ kó là wá lójú. Àwọn ọmọ kan gba Ìtura, àwọn kan gba omi lásán tí wọ́n pa láró, tí wọ́n fi ìkorò sí, tó fi jọ ọ́. Ìyá ò mọ èyí tí ọmọ òun gbà. Nọ́ọ̀sì tó ń pín in ò mọ̀. Ohun tó ṣẹ́kù nínú ìgò ọ̀kọ̀ọ̀kan ni láàbù fẹ́ fi mọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan mu."

"Ẹ fún ọmọ tó ń ṣàìsàn ní omi lásán?"

"Lórí ìtọ́jú tó ń gbà tẹ́lẹ̀ ni, ọ̀gá. A ò já nǹkankan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a ò bá fi ẹni tó mu ún wé ẹni tí kò mu ún, ta ló máa mọ̀ bóyá oògùn ló ṣe é?"

"Ẹni tó mu ún á mọ̀ lára rẹ̀." Ìnsípẹ́kítọ̀ fọwọ́ gbá ìbàdí. "Ẹ̀yìn máa ń ro mí. Mo ní ìpara kan tí mo fi ń pa á. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́."

"Bí ẹ bá fi pa á, ọjọ́ mélòó ló fi ń lọ?"

"Bí ọjọ́ mẹ́ta."

"Kí ẹ tó mọ ìpara yẹn, ọjọ́ mélòó ló fi ń lọ?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ ronú. Ó tún ronú. "Bí ọjọ́ mẹ́ta náà ni," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Azeezah tó ń sunkún ṣe bí ẹni tó ń húkọ́.

Ìgbà náà ni ohùn kan wá láti orí bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Wọ́n ti fọ ọmọ mi dànù."

Obìnrin kan ló jókòó síbẹ̀, ó wé gèlè dúdú, ó di báàgì rẹ̀ mú mọ́ àyà. Ọmọ́ṣaléwá ni. Azeezah fà sún mọ́ Ìnsípẹ́kítọ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún un ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Obìnrin yìí ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Àràmídé. Àràmídé wà lára àwọn ọmọ tó gba ìgò. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni àìsàn náà dé sí i lójijì, ó sì mú un lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá rẹ̀ wá bá Dókítà Kòfowórọlá, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì bi í: èwo lọmọ òun mu, oògùn ni tàbí omi? Dókítà ṣèlérí fún un pé bí láàbù bá ti yẹ àwọn ìgò wò, òun á sọ fún un. Ohun tó gbé e wá sí ilé ìwòsàn láàárọ̀ yìí nìyẹn.

Ìnsípẹ́kítọ̀ lọ jókòó tì í. "Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi, ìyá. Kí ni mímọ̀ ọ́n máa ṣe fún yín?"

Obìnrin náà ò wò ó. "Ọjọ́ tí wọ́n pín ìgò, a tò sórí ìlà. Èmi ló kàn. Ìyá kan wà lẹ́yìn mi, ọmọ rẹ̀ ń ké nítorí eegun ń dùn ún. Mo ní kó bọ́ síwájú mi. Ó gba ìgò tó yẹ kí n gbà, èmi gba èyí tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tí Àràmídé ti lọ ni mo ti ń bi ara mi léèrè: ṣé ojú àánú mi ló pa ọmọ mi?"

"Ta ni ìyá ọ̀hún?"

"Kò ṣe nǹkankan, ọ̀gá. Ọmọ rẹ̀ ń ké ni." Ó dìde, ó sì gba ọjà lọ.

Ìnsípẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti géètì. Bàbá Muadh ni orúkọ tí wọ́n ń pe ọdẹ ilé ìwòsàn náà, nítorí Muadh ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń tọ́. Arúgbó náà na ara rẹ̀ tọ́ bí ṣójà.

"Mo rí i, ọ̀gá. Jíìpù dúdú. Ti Abọ́dúndé tó ń ṣe oògùn yẹn ni. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ kan kò tàn. Ó dúró síbí lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Mo ní kí n lọ yàgbẹ́, ìgbà tí màá fi padà, kò sí mọ́."

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin ló ń ṣọ́ géètì ni tàbí géètì ló ń ṣọ́ yín?"

"Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, ọ̀gá. Ohun tí mo rí ni mo sọ."

Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lójú títì sọ ohun kan náà: jíìpù dúdú, iná ẹ̀yìn rẹ̀ kan kò tàn. Azeezah náà sọ ọ́: jíìpù dúdú, iná ẹ̀yìn kan. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ wọn kò yẹ̀ síra. Ìnsípẹ́kítọ̀ kọjá sí Sùúrùlérè.

Abọ́dúndé jẹ́ ọkùnrin kúkúrú tí kì í jókòó pẹ́. Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ló fò dìde lẹ́yìn tábìlì rẹ̀.

"Èmi! Èmi lọ fọ ìgò? Ọ̀gá, ẹ bi ìyàwó mi, mi ò fọ abọ́ rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó! Ẹ wò ó, ẹ tọ́ ọ wò." Ó ti da Ìtura sínú ṣíbí kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ìnsípẹ́kítọ̀ tọ́ ọ lá. Ó pupa rúsúrúsú, ó korò wọra, òórùn kànáfùrù sì wà lára rẹ̀. "Ẹni tí kò ṣe ohun ìtìjú, ojú kì í tì í. Àbúrò mi ọkùnrin ni fòníkú-fọ̀ladìde pa, òun ni mo tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí. Mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́!"

"Jíìpù yín ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti ọ̀sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Wọ́n lọ wò ó. Jíìpù náà wà lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, kò ní táyà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí páálí, adìyẹ kan sì ti yé ẹyin sórí àga awakọ̀. Ẹni bá fẹ́ gbé e dé Mùṣín á ní láti rù ú ni.

Ìnsípẹ́kítọ̀ dúró sábẹ́ òòrùn, ó pe Dókítà Kòfowórọlá lórí fóònù. "Dókítà, ẹlẹ́rìí mẹ́ta rí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Báwo nìyẹn ṣe lè rí bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé mẹ́ta ni wọ́n lóòótọ́?" ni Dókítà bi í. "Nínú iṣẹ́ tiwa, a máa ń rí ìròyìn mẹ́ta láti ibi mẹ́ta, gbogbo wọn á sọ ohun kan náà. Bí a bá tú u wò, àwọn ọmọ kan náà ni wọ́n kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, aṣọ ni wọ́n pààrọ̀ fún un. Ẹ má ka ẹlẹ́rìí, ọ̀gá. Ẹ wọ̀n wọ́n. Ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tó ti gbọ́ ọ."

Ìnsípẹ́kítọ̀ padà sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì. "Ìyáàfin, ṣé ojú yín lẹ fi rí jíìpù yẹn?"

"Ojú mi kẹ̀? Mo ti palẹ̀ ọjà mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá Muadh ló sọ fún mi. Ó tiẹ̀ ní kí n má gbàgbé ti iná ẹ̀yìn."

Ó bi Azeezah. "Mi ò sọ pé mo rí i, sà. Mo ní jíìpù wá ni. Bàbá Muadh ló rí i."

Ó di pé ẹlẹ́rìí mẹ́ta ti di ẹnu kan ṣoṣo, irọ́ ni ẹnu náà sì pa. Ṣùgbọ́n kí ló lè mú kí arúgbó tí gbogbo àdúgbò ń kí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ purọ́ mọ́ ẹni tí kò bá a jà rí?

Ìnsípẹ́kítọ̀ wọ sítọ̀ọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó mú ìgò kan, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yí i wò. Lábẹ́ èjìká ìgò náà, níbi tí omi kò ti lè ṣàn jáde tán, ó rí yanrìn, hóró wẹ́wẹ́ mélòó kan. Ó mú òmíràn: yanrìn. Ó mú ẹ̀kẹta: yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ kan. Ó dúró pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ sì lọ sílé, sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó ta ẹ̀pà nínú ìgò títí tó fi kú. Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń fọ ìgò nìyẹn: á bu yanrìn sí i, á bu omi àti ọṣẹ sí i, á máa mì í wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ títí inú rẹ̀ á fi mọ́. Ó rántí ìfọ́tí tó jẹ lọ́jọ́ tó fọ́ ọ̀kan. Lójú ẹlẹ́pà, ẹni tó bá fọ́ ìgò ti fọ́ abọ́ tó fi ń jẹun.

"Azeezah, nínú àwọn ìyá ọmọ tó ń wá síbí, ta ló ń ta ẹ̀pà?"

"Ìyá Rilwan ni, sà. Basheerah lorúkọ rẹ̀. Ilé kan náà ni òun àti Bàbá Muadh ń gbé, ní òpópónà ẹ̀yìn yìí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá yẹn ń gbé."

Ilé náà gùn, ó ní yàrá ní ọ̀tún àti òsì. Ní àgbàlá ẹ̀yìn, obìnrin kan tó lọ́jọ́ lórí díẹ̀, tó fi híjáàbù àwọ̀ ewé borí, jókòó ti ọpọ́n ńlá kan, ó ń mi ìgò. Yanrìn inú rẹ̀ ń ké ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ kí i, ó ní òun fẹ́ ra ẹ̀pà. Kó tó dáhùn, àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú yàrá, wọ́n ń tò lẹ́yìn ara wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Ojú púpọ̀ nínú wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Basheerah nu ọwọ́, ó fa kẹ́ẹ̀gì kan jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó sì fi ṣíbí kan náà bu fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá Rilwan, Muadh ti lá tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan!"

"Òpùrọ́! Imú ẹ ni mo lá?"

"Ẹ dákẹ́ ariwo. Rilwan, ẹ̀yìn ni kó o lọ. Ìwọ lo máa kẹ́yìn, mo ti wí."

Ohun tó wà nínú ṣíbí náà pupa rúsúrúsú. Òórùn kànáfùrù gba àgbàlá kan.

"Kí nìyẹn, ìyá?" ni Ìnsípẹ́kítọ̀ béèrè.

"Àgbo ni."

"Kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo fún gbogbo wọn?"

"Ìrora kan náà ló ń jẹ wọ́n níyà, ọ̀gá. Kí ló dé tí oògùn wọn á yàtọ̀?" Ó wò ó lójú nígbà tó sọ ọ́, lẹ́yìn náà ló gbé ojú rẹ̀ kúrò.

Ìnsípẹ́kítọ̀ ra ẹ̀pà rẹ̀, ó jẹ ẹ́ bó ṣe ń lọ. Ó ti mọ ẹni tó fọ ìgò, ó sì ti ń fura sí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin orí bẹ́ǹṣì yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ìyẹn ló mú kó tún pe Azeezah.

"Ìgbà wo ni àwọn ìyá máa ń dá ìgò padà?"

"Bí wọ́n bá wá gba tuntun lóṣooṣù ni, sà."

"Àràmídé ńkọ́? Ṣé oṣù ti pé kó tó kú?"

"Kò tíì pé, sà. Ìgò rẹ̀ kò padà wá. Ta ló fẹ́ lọ bi ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ léèrè ìgò?"

Ní Tẹ́júoṣó, Ọmọ́ṣaléwá ń ká aṣọ léṣì tí oníbàárà kan tú ká tí kò sì rà. Adùnọlá wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ìnsípẹ́kítọ̀ kò jókòó.

"Ìyá, mo mọ̀ pé ìgò kan kù lọ́wọ́ yín."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí aṣọ. Ó fa báàgì rẹ̀ sún mọ́ra. Ìgò náà wà nínú rẹ̀, ó fi gèlè ọmọdé kan wé e. Oògùn tó kù nínú rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ.

"Ẹnu rẹ̀ ló kan ọrùn ìgò yìí," ó wí. "Ọjọ́ tó kẹ́yìn, kò dúró de ṣíbí, ìrora ti pọ̀ jù. Ó gbé e sẹ́nu. Mo rò pé àwọn ìgò yòókù á dáhùn láìjẹ́ pé mo yọ̀ǹda èyí. Bí ẹ bá gbé e lọ, wọ́n á tú u dà, àbí?"

"Wọ́n á tú u dà. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló lè dáhùn ìbéèrè yín báyìí."

Ó tú gèlè náà, ó ká a padà sínú báàgì, ó sì na ìgò sí i. "Ohunkóhun tó bá sọ, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ẹ má ro ti omijé mi."

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ìnsípẹ́kítọ̀ ní kí gbogbo wọn pàdé ní ilé ìwòsàn. Abọ́dúndé kọ́kọ́ dé, kò sì jókòó. Bàbá Muadh wọ agbádá tó fi kírun. Basheerah jókòó sí igun, ó tẹrí ba. Ọmọ́ṣaléwá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó jókòó sí lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Dókítà Kòfowórọlá gbé àpò kékeré kan sórí itan, Azeezah sì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo ti wọ̀n ọ̀rọ̀ yìí," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ ba ìgò jẹ́ á fọ́ ọ, tàbí kó kó o dà sí kànáàlì. Ẹni tó wọ ibí kò lè fọ́ ìgò, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Yanrìn ló fi fọ̀ ọ́, bí ìyá mi ṣe máa ń fọ tirẹ̀. Nítorí náà, ẹlẹ́pà ni. Àgádágodo kò sì já, nítorí náà, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin náà lẹ bí jíìpù tí kò ní táyà, tí ẹ sì fún un ní iná ẹ̀yìn kan. Ìgò yẹn pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ méjì lè fọ̀ tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ìyá púpọ̀ ló wọ ibí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló kó wọn wá." Ó yíjú sí igun. "Ìyá Rilwan, àbí mo ṣì í sọ?"

"Ẹ fi arúgbó sílẹ̀," ni Basheerah wí. "Èmi ni. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá yòókù, èmi ni mo pè wọ́n. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọ̀gá, ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ló ṣíwájú."

"Kí ló dé?"

"A gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yẹ ìgò wò. Wọ́n á rí i pé a ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lóṣooṣù, bí a bá ti gba ìgò, ilé mi la ti ń tú u sínú kẹ́ẹ̀gì, a ó pò ó, a ó pín in padà. Mo ní wọ́n á lé wa. Níbí ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ yìí láìgba kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá lé wa, ibo la fẹ́ gbé wọn lọ?"

Abọ́dúndé gbá orí mú. "Ẹ da oògùn mi pọ̀ mọ́ omi!"

"Gbogbo ọmọ náà sì mu ìlàjì," ni Dókítà Kòfowórọlá wí jẹ́jẹ́. "Kò sí ẹni tí a lè fi wé ẹnikẹ́ni."

"Ṣùgbọ́n ara wọn ti yá ju tẹ́lẹ̀ lọ!" Abọ́dúndé fò síwájú. "Ẹ bi wọ́n! Ìlàjì gan-an ń ṣiṣẹ́!"

"Tàbí ìtọ́jú Azeezah ló ṣe é. Tàbí òtútù tó ti lọ. Ẹ̀yìn Ìnsípẹ́kítọ̀ náà máa ń sàn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta."

Basheerah gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Dókítà, ẹ dákun. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

"A ò mọ̀, Ìyá Rilwan. Ohun tí ẹ ṣe ni kò jẹ́ ká mọ̀. Nǹkan tó sì burú nínú rẹ̀ ni pé, bí mi ò bá wá síbí, ǹ bá rí i pé àwọn tó gba oògùn àti àwọn tó gba omi dọ́gba, ǹ bá sì ti kọ ọ́ pé kò ṣiṣẹ́, gbogbo dókítà á sì gbà mí gbọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò ní lé yín. Àwa náà ṣàṣìṣe. A pín oògùn láàárín àwọn ọmọ tó ń jẹun nínú abọ́ kan, a wá ń retí pé kí ìyá kan máa wo ọmọ ìyá kejì bó ṣe ń ké. Bí a bá tún un ṣe, ilé la ó fi pín in. Gbogbo ọmọ ilé kan á gba ohun kan náà."

"Ó ku ohun kan," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìyá Rilwan, mo rí i pé ọmọ yín lẹ ń fi sẹ́yìn ìlà. Kí ló dé?"

Basheerah dìde, ó rìn dé iwájú bẹ́ǹṣì, ó sì kúnlẹ̀.

"Ìyá Àràmídé." Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe obìnrin náà bẹ́ẹ̀. "Rilwan ló ń ké lọ́jọ́ yẹn. Ipò yín ni mo gbà. Nígbà tí Àràmídé lọ, tí Rilwan sì ń ṣeré, mo mọ̀ pé oògùn Àràmídé ni ọmọ mi ń mu. Mi ò lè jẹ́ kó máa dá mu ún. Ìyẹn ni mo ṣe ní ká máa pín in. Nígbà tí mo sì gbọ́ pé láàbù á sọ ẹni tó gba oògùn àti ẹni tó gba omi, mo ní ojú wo ni màá fi wò yín? Ojú yẹn ni mo ń fọ̀ kúrò nínú ìgò."

Ọmọ́ṣaléwá wo Dókítà. "Ìgò mi ńkọ́?"

Dókítà Kòfowórọlá ṣí àpò tó wà lórí itan rẹ̀, ó mú ìgò náà jáde. Kò sí nǹkankan nínú rẹ̀ mọ́. "Ìtura ló wà nínú rẹ̀. Kò lábùlà. Oògùn gan-an ni Àràmídé mu."

Abọ́dúndé jókòó. Kò sẹ́ni tó rí i kó jókòó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ má gba èyí bí ẹni pé oògùn náà kò dára," ni Dókítà fi kún un. "Ọmọ kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí."

"Lọ́dọ̀ yín ni, Dókítà," ni Ọmọ́ṣaléwá wí. "Lọ́dọ̀ tèmi, ọmọ kan ṣoṣo ni." Ó gba ìgò náà, ó fi àtàǹpàkò ra ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Basheerah, dìde. Ipò yẹn, mo fún ọ ni. O ò gbà á lọ́wọ́ mi. O sì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ: kò sí nǹkan Àràmídé kankan lọ́wọ́ ọmọ rẹ."

Azeezah ló fa Basheerah lọ́wọ́ dìde. Bàbá Muadh ń fi etí agbádá nu ojú, Ìnsípẹ́kítọ̀ sì ṣe bí ẹni pé òun kò rí i, nítorí ó ti pinnu pé ìkìlọ̀ nìkan ni irọ́ jíìpù yẹn máa gbà lọ́wọ́ òun, níwọ̀n ìgbà tí ilé ìwòsàn kò ti fẹjọ́ sùn.

Ọmọ́ṣaléwá na ìgò náà sí Basheerah.

"Bá mi fọ̀ ọ́ mọ́ àwọn yòókù," ó wí. "Bu yanrìn sí i dáadáa."

Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kọjá lára Ìnsípẹ́kítọ̀, ó kọjá lẹ́nu géètì níbi tí oníbúrẹ́dì ti ń kí i, ó dáhùn, ó sì gba ọ̀nà ọjà lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, Basheerah di ìgò náà mú mọ́ àyà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kó bojú wẹ̀yìn. Kò bojú wẹ̀yìn.